Má Bi Mítà, Bi Ẹni Tó Ń Gbọ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mi ò ní í gbà yín nímọ̀ràn púpọ̀, torí ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fẹ́ ròyìn, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ pé ó wà. Èmi Ràfíù ni mo ń tọ́jú òpó rédíò tó wà lórí òkè láàrin Ìkirè àti Àpòmù, òpó tó ń gba ohùn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó sì ń tún un sọ fún àwọn tí ohùn náà kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí mo ṣe àṣìṣe, mo fi irọ́ bò ó, irọ́ náà sì já okùn tó wà láàrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Tí mo bá ròyìn iṣẹ́ tán tí mi ò sọ ìyẹn, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Mo ti kọ́ iṣẹ́ títún rédíò ṣe ní Gbọ̀ngán, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ń wá ẹni tí kò bẹ̀rù òkè, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò lè kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sì ní kí èèyàn sùn lébi. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Akínlàbí ni ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀. Alàgbà ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, wọn kì í rẹ́rìn-ín àfi tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn nínú sùtánà funfun. Tó bá di ọjọ́ Ajé, wọn kò ní í jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ kan wọ yàrá ẹ̀rọ láìwọ bàtà onírọ́bà.

"Nílé Ọlọ́run, bọ́ bàtà," wọ́n á ní. "Nílé iná, wọ bàtà. Tó o bá ṣe àṣìṣe tọ̀hún, Ọlọ́run á dárí jì ẹ́. Iná ò mọ̀ ọ́n dárí ji èèyàn."

Mùsùlùmí ni èmi, wọ́n sì mọ àkókò ìrun ju èmi gan-an lọ. Tí mo bá wà lábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n pe ìrun, wọ́n á ní, "Ràfíù, lọ kírun. Ẹni tó ń fi ọkàn méjì dè bóòtù, bóòtù náà á tú." Mo rò nígbà yẹn pé wọ́n le jù. Mo ti wá rí i pé ẹni tó bá fẹ́ kí o pẹ́ láyé ló ń le mọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n ní kí n wo ọ̀nà Àpòmù kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní mo rí òkè, mo rí oko kòkó, mo rí òrùlé díẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ní mo ti dárúkọ ọ̀tá wa, òkè ni. Ohùn irú rédíò tiwa yìí, bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ló ṣe ń rìn, ó fẹ́ràn ọ̀nà tààrà. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń sọ̀rọ̀ wà ní olú-ìlú. Kí ohùn náà tó rìn dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rẹ̀ ẹ́, òkè sì tún dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ní kòtò lẹ́yìn òkè, tó bá tan rédíò, ariwo shàà bíi ti epo tó ń gbóná ló máa gbọ́.

"Ṣé o ti roko rí?" Ọ̀gá bi mí.

"Mo ti roko rí, sà."

"Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè níbí pe ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún, kò gbọ́. Ẹni tó ń roko lórí òkè ló ń gbọ́ àwọn méjèèjì. Kí ló máa ṣe?"

"Á gbọ́ tibí, á pariwo rẹ̀ sọ́hùn-ún."

"Òun la jẹ́ nìyẹn. Ohun tó bá gbọ́ ni kó sọ. Kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un, kò sì gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀."

Wọ́n tún là á yé mi pé nọ́ńbà tí a fi ń gba ohùn wọlé kì í jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà tí a fi ń sọ ọ́ jáde. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹnu wa á di etí wa, ohùn wa á tún máa wọlé bá wa, ẹ̀rọ á sì máa hu bí ajá. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà ò ju ìyẹn lọ. Èyí tó kù, ìtọ́jú ni.

Ẹ̀rọ tí mo bá níbẹ̀ tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta tí wọ́n tò pọ̀. Fáàfù ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn gílóòbù ńláńlá tó máa ń gbóná kó tó ṣiṣẹ́, àwa náà á jókòó tì í bí ẹni tó ń dúró de ìkòkò orí iná. Nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpótí irin aláwọ̀ ewé kan wà tí à ń pè ní dọ́mì. Ẹ fi dọ́mì yìí sọ́kàn o. Tí a bá tún ẹ̀rọ ṣe tán, a óò fẹ́ dán an wò láìjẹ́ pé ìdánwò wa ń ké létí gbogbo ìlú. Ọwọ́ irin kan wà lára ògiri. Tó o bá gbé e sí ọ̀tún, agbára ẹ̀rọ á gun òpó lọ, gbogbo abà á gbọ́. Tó o bá gbé e sí òsì, dọ́mì á gbé gbogbo agbára náà mì, á sọ ọ́ di ooru, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Mítà ojú ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Agbára tó ń jáde ló ń wọ̀n, ibi tó gbà lọ kò kàn án.

Nítorí ìyẹn ni Ọ̀gá ṣe ní òfin kan tó jẹ́ tiwọn nìkan. Bàbá kan wà ní kòtò kan lẹ́bàá Àpòmù tí wọ́n ń hun apẹ̀rẹ̀, Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ la ń pè wọ́n. Ilé wọn ni ohùn wa máa ń ṣòro jù láti dé. Láràárọ̀, tí a bá ti tan ẹ̀rọ, Ọ̀gá á ní kí n gun kẹ̀kẹ́ lọ bi Bàbá pé ṣé wọ́n gbọ́. Mítà lè wà ní góńgó orí, Ọ̀gá ò ní í kọ "ó ṣiṣẹ́" sínú ìwé títí n ó fi padà dé.

"Má bi mítà," wọ́n á ní. "Bi ẹni tó ń gbọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, ó rẹ̀ mí, mo kàn dúró sábẹ́ igi ọsàn ní ìsàlẹ̀ òkè títí àkókò fi tó, mo gun kẹ̀kẹ́ padà, mo ní Bàbá gbọ́ dáadáa, wọ́n tiẹ̀ kí Ọ̀gá. Ọ̀gá Akínlàbí wò mí lọ wò mí bọ̀.

"Ohùn Bàbá tún lágbára o," wọ́n ní. "Àná ni wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ lọ sí ọjà Gbọ̀ngán. Wọn ò tíì dé."

Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rin lọ sọ́dọ̀ Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ tí mo sì fi ń rìn bọ̀. Bàbá á rí mi lókèèrè tí òógùn bò mí, wọ́n á ti máa pariwo, "Mo gbọ́ o! Mo gbọ́! Padà síbi tó o ti ń bọ̀!" Ẹ lè rò pé mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi nígbà yẹn. Ó wọ̀ mí létí lóòótọ́, kò tíì wọ eegun.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, èmi wá di olórí ibùdó, èmi nìkan sì ni olórí àti ọmọ ẹ̀yìn. Mo ń bá òfin Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ náà lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọjọ́ tí mò ń sọ yìí tó dé.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé wa ṣe rí. Ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́. Alhájì Lásísì ni àkọ́bí, ọmọ ìyálé. Àǹtí Sìfáwù ló tẹ̀ lé wọn, èmi sì ni àbíkẹ́yìn, ìyá kan náà ló bí àwa méjèèjì. Ìkirè ni Bàbá ń gbé. Àpòmù ni Àǹtí mi lọ́kọ sí, oko kòkó ọkọ wọn sì wà jìnnà lẹ́yìn Àpòmù. Nínú gbogbo wa, Àǹtí mi ni Bàbá fẹ́ràn jù, Bàbá kò sì fi pa mọ́. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, orí rédíò la ti ń kéde fún ara oko.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kùtù. Mo ti nu ẹ̀rọ, mo ti pààrọ̀ fáàfù kan, mo gbé ọwọ́ irin sí òsì, mo ń dán ẹ̀rọ wò lórí dọ́mì. Bí mo ṣe wà níbẹ̀ ni ọmọ aládùúgbò wa kan kan ilẹ̀kùn, ó ní bàbá wa ti jáde láyé. Alhájì Lásísì sì ti wọ ọkọ̀ lọ sí olú-ìlú láti lọ kéde lórí rédíò, kí Àǹtí Sìfáwù lè bá wa sin Bàbá lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àkókò ìkórè kòkó ni, abà mẹ́ta ni Àǹtí mi ń pààrà, kò sí ẹni tó mọ èyí tí wọ́n wà. Rédíò nìkan ló lè dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kí n ṣáà rí i pé ẹ̀rọ wà lórí afẹ́fẹ́ dáadáa. Mo wo mítà, ó wà níbi tó yẹ kó wà, kò tiẹ̀ gbọ̀n. Mo kọ "ó ṣiṣẹ́" sínú ìwé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sáré lọ ilé.

Mi ò gbé ọwọ́ irin padà sí ọ̀tún. Mi ò sì lọ sọ́dọ̀ Bàbá Alápẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ka ìkéde náà lẹ́ẹ̀mẹta ní olú-ìlú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òpó wa gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni dọ́mì gbé e mì. A kírun sí Bàbá lára, a gbé wọn lọ. Ojú mi kò kúrò lójú ọ̀nà Àpòmù. Nígbà tí wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, mo ṣì ń wò ó bóyá mo lè rí Àǹtí mi kí wọ́n máa sáré bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà sí òkè. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, ooru gbá mi lójú. Mo wo dọ́mì, ọ̀dà ara rẹ̀ ti wú, ó ti ń bó. Mo wo ọwọ́ irin lára ògiri. Ó wà ní òsì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, ọ̀fọ̀ náà sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dun mí lákọ̀tun. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ti fi ìkánjú mú u.

Ọjọ́ kẹta, tí àwọn àáfà wà nílé wa fún fìdáù, Àǹtí Sìfáwù dé. Apẹ̀rẹ̀ èsúrú ló wà lórí wọn, torí Bàbá fẹ́ràn èsúrú. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n kàn wá kí bàbá wọn ni. Wọ́n rí ẹní, wọ́n rí èrò, wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Bàbá dà?" Wọ́n wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi yé wọn.

Lẹ́yìn tí wọ́n sunkún tán, wọ́n kọjú sí Alhájì. "Bùrọ̀dá, ẹ ò ránṣẹ́ sí mi."

"Mo gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò fúnra mi, Sìfáwù. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta."

"Rédíò wà níwájú mi lábà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó sọ oríṣiríṣi. Kò dárúkọ bàbá mi."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ohùn wa dákẹ́, ẹni tó ni rédíò náà ti yí i lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, bí gbogbo ara abà ṣe máa ń ṣe tí tiwa bá dákẹ́, kò sì sí ẹni tó ka irú èyí sí. Mo lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi.

Àǹtí mi yíjú sí mi. "Ràfíù, ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé rédíò yín ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àbí kò ṣiṣẹ́?"

Mo ro iṣẹ́ mi tó lè bọ́. Mo ro bí wọ́n á ṣe máa pè mí ní ọmọ tó pa òkú bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú.

"Ó ṣiṣẹ́," mo ní. "Mítà wà níbi tó yẹ kó wà."

Alhájì Lásísì wò mí. Kò sí ìbínú lójú wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ fara ti ògiri tí kò bá ògiri níbẹ̀.

"Ó dáa," ni Àǹtí mi wí. "Ọmọ ìyá mi ti sọ ọ́." Wọ́n ní kí a pín èsúrú náà fún àwọn àlejò. Láti ọjọ́ náà, wọn kò wọ ilé Alhájì mọ́. Ọmọ wọn tó ṣe nìkáà ìgbéyàwó ṣe é láìsí Alhájì níbẹ̀, ọmọ Alhájì sì ṣe tirẹ̀ láìsí Àǹtí mi. Tí wọ́n bá pàdé lójú pópó, wọ́n á kí ara wọn bí ẹni tó pàdé ní mọ́tò. Àwọn èèyàn á máa mi orí, wọ́n á ní ìjà ọbàkan nìyẹn, bó ṣe máa ń rí náà ni. Èmi tí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo panu mọ́.

Ọ̀gá Akínlàbí wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n ní kí a gun òkè, ó pẹ́ tí wọ́n ti rí ẹ̀rọ wọn. Wọ́n wọ bàtà onírọ́bà wọn, wọ́n wọlé, wọ́n wo gbogbo nǹkan. Wọ́n dé ibi dọ́mì, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èékánná họ ọ̀dà tó ti wú. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n ka ohun tí mo kọ sí ọjọ́ tí bàbá mi kú.

"Ó ṣiṣẹ́," ni wọ́n kà sókè. Wọ́n pa ìwé náà dé. "Ta lo bi?"

Mo wo ọwọ́ irin lára ògiri.

"Mi ò ní í fi ọ́ sùn," wọ́n ní. "Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Àmọ́ ẹni tí kò gbọ́, ìwọ lo mọ ilé rẹ̀. Lọ bá a." Mo ṣèlérí pé mo máa lọ. Ọ̀gá Akínlàbí kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mi ò tíì lọ.

Ẹ máa rò pé iṣẹ́ náà á sú mi. Kò sú mi o. Mo tún wá le ju Ọ̀gá lọ. Mo kọ "ỌWỌ́ IRIN DÀ?" gàdàgbà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí n má lè jáde láì rí i. Láràárọ̀ ni mò ń lọ sí Àpòmù, nígbà tí Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ sì kú, ọmọ wọn tó ń rán bàtà ni mò ń bi. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo fọkàn sí iṣẹ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohùn gbogbo ayé ni mò ń gbé káàkiri, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi kò lè jáde.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Wọ́n kó ẹ̀rọ onífáàfù lọ, wọ́n gbé èyí tí kò ju àpótí aṣọ lọ wá, tó máa ń ṣiṣẹ́ kí o tó jókòó. Díìṣì dé, kò di dandan mọ́ kí ohùn máa bá òkè jà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ojú ọ̀run ló ń bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, wọ́n rán ọmọbìnrin kan sí mi kó wá gba ibùdó, Ẹnjiníà Bùkọ́lá. Ọmọ tó mọ̀wé tó sì ní ọ̀yàyà. Ẹ̀rọ tí òun gbé dé, tí ohùn kò bá jáde lórí òpó, yóò fúnra rẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù Bùkọ́lá.

"Bàbá, ẹ ò nílò láti máa lọ sí Àpòmù mọ́," ó ní.

"Ta ló sọ fún fóònù rẹ?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé mi lọ. Ó ṣì ń lọ títí dòní, mo ti ṣèwádìí.

Ọ̀sẹ̀ tí mo lò kẹ́yìn, a ń palẹ̀ àwọn ẹrù àtijọ́ mọ́ fún àwọn tó ń ra irin. A wọ́ dọ́mì jáde sínú oòrùn. Bùkọ́lá bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó fi ọwọ́ pa ibi tó wú, gẹ́lẹ́ bí Ọ̀gá ti ṣe.

"Bàbá, kí ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni," mo ní. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, lórí ìdúró. Kò sọ pé ó tọ́ tàbí kò tọ́. Ó kàn wo ọ̀nà Àpòmù, ó ní, "Ṣé Màmá ṣì wà láyé?" Mo ní wọ́n wà. Ó ní, "Bùrọ̀dá yín ńkọ́?" Mo ní wọ́n wà. Ó ní òun á palẹ̀ èyí tó kù mọ́.

Mo bá Àǹtí Sìfáwù níbi tí wọ́n ti ń bẹ gbáàgúdá ní ẹ̀yìn ilé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí èèpo gbáàgúdá. Mo ka gbogbo rẹ̀ láti orí dọ́mì títí dé orí irọ́. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn.

"Ràfíù," wọ́n ní, "ìwọ ni mo bi."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti gun òpó nínú ìjì, iná ti gbá mi dánù rí, ààrá ti já lu ilé tí mo wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ fún wa nínú òwe náà pé ogún ọdún tí irọ́ ti jẹ kò ní í padà wá.

Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wọ ìborùn. "Mú mi lọ," ni wọ́n wí.

Alhájì Lásísì wà níwájú ilé wọn ní Ìkirè lórí àga, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Wọ́n ti di arúgbó, etí wọn sì ti di. Etí ọ̀tún kò gbọ́ rárá, tòsì ń gbọ́ díẹ̀ tí èèyàn bá pariwo. Àwọn ọmọ wọn ra ẹ̀rọ etí fún wọn, wọ́n ní ó ń hu, wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tí wọ́n rí Àǹtí mi tó wọ ọgbà, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà dúró ní ìka wọn.

"Sìfáwù," wọ́n ní.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sún mọ́ etí òsì, mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "Hẹ̀n?" Mo gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Hẹ̀n?" Ọlọ́run mọ bó ṣe ń dájọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi pamọ́ ju ogún ọdún lọ, igbe ni mo fi sọ ọ́. Ìyàwó ilé tó ń sẹ́ gàrí dáwọ́ dúró. Ọlọ́kadà tó ń kọjá pa ẹ̀rọ ọ̀kadà rẹ̀. Nígbà tí mo tún sọ̀rọ̀ dé orí dọ́mì, Alhájì ní, "Dọ́mì? Kí ni dọ́mì?" Mo tún ń fi igbe ṣàlàyé dọ́mì fún gbogbo àdúgbò.

Nígbà tó yé wọn, ìlẹ̀kẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kọjá ní ìka wọn.

"Mo mọ̀ pé wọ́n kà á," wọ́n ní. "Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi kà á lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Àǹtí mi ti kúnlẹ̀. Ohùn wọn kò lágbára mọ́, kò lè dé etí Alhájì láéláé. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. "Sọ fún wọn pé mo jẹ̀bi wọn. Mo dá wọn lẹ́bi láìdúró gbọ́ ẹjọ́. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú sí mi."

Ó wù mí kí n fi kún un pé ẹ̀bi Ràfíù ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lórí òkè láàrin kì í fi tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Àǹtí mi bó ṣe rí, mo kọjú sí etí òsì, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀.

Ojú Alhájì kò yí padà. Wọ́n ń wo iwájú gan-an. Lọ́jọ́ tí mo ṣì kéré, ìyẹn ì bá tó mi, ǹ bá ti ní mo ti ṣe tèmi. Mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn.

"Bùrọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́?"

Wọn ò wò mí. Wọ́n na ọwọ́ sí Àǹtí mi.

"Mo gbọ́," wọ́n ní. "Sìfáwù, dìde jókòó tì mí. Sọ fún àbúrò wa kó yé pariwo mọ́ mi létí."